Fátíà Tí Màmá Kò Parí

Ara mi kì í gba ìjókòó. Ìyá mi máa ń ní bí wọ́n bá so mí mọ́ àga, màá gbé àga náà rìn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Bàbá Pásítọ̀ wa dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa bá àwọn lọ bẹ àwọn arúgbó wò, gbogbo ìjọ ló yíjú sọ́dọ̀ mi. Aṣọ ni mò ń rán ní Ajah nígbà náà, àmọ́ mi ò lè ránṣọ fún wákàtí kan kí n má dìde lọ wo ẹni tó ń jà níta. Mo ní, “Ó dáa, màá lọ.” Mi ò tiẹ̀ bèèrè ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Ilé àwọn arúgbó náà wà lẹ́yìn Igbó Ẹfọ̀n, lápá ibi tí òkun wà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Katakátá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì ńlá tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, eruku pupa sì ń kó sí gbogbo wa lójú. Ibi tí àwọn olówó ń gbé ní Lẹ́kkí lónìí, ẹrẹ̀ ni nígbà yẹn, ọ̀pọ̀lọ́ ló ni ín. Bọ́ọ̀sì á já mi sílẹ̀ létí títì, màá wá bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, màá fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ìjọ kan ló dá ibẹ̀ sílẹ̀: ilé gígùn kan ṣoṣo, àwọn ọkùnrin lápá kan, àwọn obìnrin lápá kejì, yàrá ọ̀gá nọ́ọ̀sì láàárín. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ kì í jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Á ní wọ́n ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Bàbá Pásítọ̀ ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àwọn arúgbó yẹn, èmi sì ni mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá, ọ̀nà ò dáa, torí náà èmi ni mò ń lọ jù. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní, “Má gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ bi í léèrè irú àdúrà tó fẹ́.” Ó yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo ti rò pé màá kàn wọlé, màá kọrin, màá pàtẹ́wọ́, màá gba ilé mi lọ! Àmọ́ Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màmá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kí n ṣáà di ọwọ́ wọn mú ni wọ́n ń fẹ́, kí n má sọ̀rọ̀ rárá, ìyẹn sì ni ìyà tó tóbi jù tí wọ́n lè fi jẹ mí. Bàbá kan wà tó ní òun àti Ọlọ́run ti bára wọn sọ̀rọ̀ tán, kí n jókòó kí n bá òun ta ayò.

Màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí fèrèsé ni tiwọn. Ọmọ abúlé kan létí ọ̀sà ni wọ́n, Ìjẹ̀bú ò kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi darúgbó. Ẹja ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn yan. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé ọ léjìká, wàá gbóòórùn èéfín níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè irú àdúrà tí wọ́n fẹ́, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ṣé ìwọ gbọ́ kéwú?”

“Rárá, Màmá. Bàbá tó bí mi ló ń kírun. Ìyá mi ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Àdúrà tìrẹ ò burú, ọmọ mi, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Lọ wá Alfa wá fún mi. Mo ti fẹ́ máa lọ ilé, mi ò sì fẹ́ dá lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi Fátíà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.”

Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n, kó ké Fátíà, orí àkọ́kọ́ nínú Kùránì, sí wọn létí kí wọ́n tó kú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ìyẹn náà wá lọ̀rọ̀, ṣebí Alfa pọ̀ ní Ajah ju adìyẹ lọ. Àṣé mi ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló là mí lójú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí, ọkùnrin, akọ̀wé ní báǹkì kan ní Èkó. Àìsàn kan ti dá a wólẹ̀ rí, ìjọ aládùúrà kan ló gbé e dìde, látìgbà náà ló ti di onígbàgbọ́ tí kò fi ọ̀rọ̀ Jésù ṣeré. Ó ti mú kí wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá rẹ̀ náà. “Onígbàgbọ́ ni ìyá mi,” ohun tó sọ fún nọ́ọ̀sì nìyẹn lọ́jọ́ tó mú wọn wá. “Mi ò fẹ́ rí láwàní kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.” Ẹni tó mú èèyàn wá ló sì ni àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Màmá, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti rì yín bọmi?”

“Wọ́n rì mí. Ooru mú lọ́jọ́ yẹn, ó tutù sí mi lára.”

“Ẹ̀yin náà sì gbà?”

“Ọmọ mi ló ń sunkún. Ó ní òun ò fẹ́ dé ọ̀run kí òun wá mi tì. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo ní kí wọ́n rì mí, kí ọmọ lè rí oorun sùn.” Wọ́n fa ìborí wọn síwájú. “Ara lomi ń wẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ọwọ́ bọ inú irọ̀rí, wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ, wọ́n sì ké Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá, tí nọ́ọ̀sì ò bá sí nítòsí. Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ, títí ó fi wọ̀ mí lára. Mo lè máa ránṣọ nílé, kí n ṣàdédé gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, màá sì yára wẹ̀yìn bóyá ọmọ ìjọ wa kankan wà nítòsí.

Bí wọ́n bá ké e tán, ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ló kàn. Kò sí ọmọ tó mọ kéwú tó o ní gbogbo abúlé, Màmá á sọ fún mi. Kí wọ́n tó mú un lọ sí ilé ìwé òyìnbó ni wọ́n ti mú un lọ sílé kéwú. Nígbà míì á sá lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, Màmá á sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ ọ jáde. “Alfa wa yẹn le! Bí ọmọ kan bá ń ké e lọ tó dúró lójijì, ẹni tó jókòó tì í gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀ kíá. Bí kò bá gbà á, àwọn méjèèjì ni ẹgba máa bà. Ọmọ tèmi ló ń gbà á fún gbogbo wọn.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi sí ọmọ náà.

Mo lọ bá Bàbá Pásítọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n ní àwọn máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bó bá tún wá. “Fara balẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bà jẹ́.”

“Bàbá, Màmá ń kú lọ, ẹ sì ń fẹ̀sọ̀ mú un!”

“Gbé ohùn ẹ wálẹ̀, ọmọ mi.”

Mo gbé ohùn mi wálẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì gan-an mo ti wà lẹ́yìn ọjà Ajah, níwájú mọ́sálásí, lọ́dọ̀ Alfa kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bí kò bá sí lórí ìrun. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó gbọ́ mi dópin.

“Ṣé ọmọ Màmá yìí mọ̀ pé ẹ wá?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀, pé nọ́ọ̀sì máa ń sùn lọ́sàn-án. Alfa kàn ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyáàfin, mi ò lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè ewúrẹ́. Bí mo bá lọ báyìí, ọjọ́ tí Màmá bá kú, ìjà la máa fi sìnkú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn pè mí. Lọ́jọ́ tó bá pè mí, ohun yòówù tó bá wà lọ́wọ́ mi, màá jù ú sílẹ̀.”

Ṣíọ̀! Mo pòṣé títí mo fi délé. Pásítọ̀ ní kí n fara balẹ̀, Alfa ní kí n fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikú ò fara balẹ̀ fún ẹnì kankan. Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo ròyìn fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ. Alfa gidi nìyẹn.” Wọ́n wo ojú fèrèsé. “Ó dáa, bí Alfa ò bá wá, bá mi yí bẹ́ẹ̀dì mi sí ìlà-oòrùn. Kí n ṣáà kọjú síbi tí mo ń kọjú sí bí mo bá ń kírun.”

Ìyẹn wù mí ṣe. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí. Mo ti bẹ́ẹ̀dì, mo fà á, ó ń ké wíín-wíín, mo yí i títí ojú Màmá fi kọ sí ìlà-oòrùn. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọlé, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn. Mo na aṣọ funfun kan bò wọ́n dé àgbọ̀n. Wọ́n pa ojú dé, ọkàn wọn balẹ̀. Ọkàn tèmi náà fẹ́ balẹ̀.

Ohun tí mi ò rò ni pé ìlà-oòrùn yẹn ni ẹnu ọ̀nà wà. Nínú ilé náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó: òkú tó ń dúró de àwọn tó máa gbé e. Màmá tó ń sùn ní òdìkejì ti ilé ìwẹ̀ dé, ó rí i, ó ké.

“Yéè! Wọ́n ti tẹ́ ẹ! Wọ́n ti tẹ́ Màmá ẹ̀bá fèrèsé!”

Ẹkún sọ. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Bàbá tí mo máa ń bá ta ayò ti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin wá, ó ṣí fìlà, ó ń mi orí. Màmá kan tó ti ń ní òun ò lè rìn láti ìgbà òjò sáré bọ́ sí ìta. Níbi tí mo ti ń ju ọwọ́, tí mò ń pariwo pé wọn ò kú, wọn ò kú, Màmá fúnra wọn dìde jókòó nínú aṣọ funfun.

“Ta ló kú?”

Ẹ ò bá wá gbọ́ igbe! Àwọn tó ń sunkún tẹ́lẹ̀ wá sá lọ pátápátá. Màmá rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín fi di ikọ́, ikọ́ náà kò sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bá mi wí bí ọmọ ọwọ́, ó dá bẹ́ẹ̀dì padà sáyè rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe ọmọ Màmá kó wá lọ́jọ́ Sunday.

Títí ọjọ́ Sunday fi pé, mi ò rán aṣọ ẹnì kankan parí. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Wọ́n ní Màmá kì í jẹun mọ́, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Bí ìsìn ṣe parí, mo ti wọ mọ́tò tó gbé Bàbá Pásítọ̀ kí wọ́n tó pè mí.

Ọmọ náà ti dé ṣáájú wa. Nínú ọkàn mi, mo ti yà á bí òǹrorò tó sanra. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni mo bá níbẹ̀, Bíbélì lábíyá, ó ń bó ọsàn fún ìyá tí kò lè mu ún. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Pásítọ̀, ó wá kọjú sí mi.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ yí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi?”

“Èmi ni! Màá sì tún un yí! Ìyá yín fẹ́ Alfa. Ṣé ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tó mú wọn lọ ṣèrìbọmi?”

“Àǹtí, ẹ ò lè fẹ́ràn ìyá mi jù mí lọ.” Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ tún bí mi nínú. “Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan lẹ̀ ń sọ. Ọ̀rọ̀ ayérayé lèmi ń sọ. Bí mi ò bá rí wọn lọ́run ńkọ́? Ta ni kí n lọ bá?”

“Ọ̀run tẹ́ ẹ fẹ́ fipá ti èèyàn wọ̀!”

“Ó tó gẹ́ẹ́!” Bàbá Pásítọ̀ ni. “Ìwọ, jáde.”

Mo jáde dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń kọ̀ láti dúró wá kọ̀ láti lọ. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi lára férémù. Bàbá Pásítọ̀ fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ orí ba. Wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n máa bèèrè.

“Màmá, irú àdúrà wo lẹ fẹ́?”

Màmá wo Bàbá, wọ́n wo ọmọ wọn pẹ́. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Fátíà, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Wọ́n ké e dé àárín, wọ́n dúró.

Mo rò pé èémí ló tán. Kò pẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n dé ibẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n tún dúró. Ọmọ wọn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dá orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó ń kọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń wárìrì. Màmá dúró dè é títí ó fi kọ ẹsẹ kan tán. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún dúró síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Màmá yìí kò gbàgbé nǹkan kan! Obìnrin tó ń ké e fún mi láìmí ní gbogbo ìgbà, kí ni wọ́n á gbàgbé níbẹ̀? Èmi tí mi ò dé ilé kéwú rí, ohun tó kàn ti ń yún mi lẹ́nu. Ti ẹni tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wá ńkọ́, pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ dúró?

Mo wo ọmọ náà. Orin ti kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Màmá tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n dúró.

Ó gbà á lẹ́nu wọn.

Ó kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ gòkè, ó di ohùn ọmọdé ilé kéwú gan-an, ara rẹ̀ ń jù síwájú, ó ń jù sẹ́yìn, Bíbélì yọ́ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì lábíyá rẹ̀, kò sì mọ̀. Ó ké e dópin. Màmá la ojú.

“Ó ṣì wà níbẹ̀,” wọ́n ní. “Mo mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ọmọ náà gbé orí lé ẹsẹ̀ wọn, ó ń sunkún bí ọmọdé. “Màmá, ṣé mo máa rí yín níbẹ̀? Ẹ sọ fún mi. Ṣé mo máa rí yín?”

Màmá fi ọwọ́ lé e lórí. “Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé nínú wa, kó máa wo ọ̀nà.”

Bàbá Pásítọ̀ ní, “Àmín.” Wọn ò fi nǹkan kan lé e. Màmá wá rí mi lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń fi ìborí nu imú.

“Ìwọ oníwàhálà, wá jókòó. Alfa mi ti dé.”

Mo wọlé, mo jókòó sórí ilẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí oòrùn wọ̀.

Ọmọ náà kò padà sí Èkó lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sùn. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé ọmọ náà ló ń ké Fátíà sí wọn létí láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá kú, pé bó ṣe parí ló bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ó ní kí ẹnì kankan má dá òun dúró. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, èmi wà nídìí mọṣíìnì ní Ajah nígbà tí mo rí ọmọ náà níwájú mi, eruku títì ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Alfa yẹn.”

Alfa ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́. Ọmọ Màmá kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi jù ú sílẹ̀, ó sì lọ wẹ ọwọ́.

Abúlé wọn létí ọ̀sà la sin wọ́n sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi dúró lọ́ọ̀ọ́kán láàárín àwọn obìnrin, lábẹ́ igi àgbọn. Alfa ń ṣàdúrà, àwọn ọkùnrin ń ṣe Àmín. Ẹnì kan wà níwájú pátápátá tí Àmín tirẹ̀ ń bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, mo sì rí Bíbélì tó há mọ́ abíyá.